Ogun ojú sánmà tí mo ṣe nínú Blender ń jọ ohun ìṣeré ọmọdé. Kí ló kù tí mi ò ṣe?

Arẹ́ńdà_Òru:

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní fíìmù kékeré kan lọ́wọ́, ìṣẹ́jú àáyá 10 péré: ọkọ̀ ogun ńlá méjì tí wọ́n ń yìnbọn lu ara wọn lókè ayé. Blender 4.2, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe àwòrán 3D, ni mo ń lò, Cycles inú rẹ̀ ni mo fi ń ṣe render (kí kọ̀ǹpútà ya àwòrán náà jáde), káàdì àwòrán mi jẹ́ RTX 3060 oní 12 GB. Fírémù 24 ló wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 240.

Nínú ìtàn, ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan gùn tó 600 mítà, ṣùgbọ́n mítà 6 ni mo kọ́ ọ sí nínú Blender kó lè rọrùn láti gbé kiri. Ìmọ́lẹ̀ tó wà níbẹ̀ ni Sun kan (òòrùn) tí Strength rẹ̀, ìyẹn agbára rẹ̀, jẹ́ 5, Area mẹ́ta (ìmọ́lẹ̀ tó fẹ̀ bíi pátákó) tí mo tò yí ká kí ibi òkùnkùn má baà ṣú jù, àti HDRI ìràwọ̀ (àwòrán tó yí gbogbo ibẹ̀ ká tó sì ń tan ìmọ́lẹ̀) tí Strength rẹ̀ jẹ́ 1. Lẹ́ǹsì kámẹ́rà jẹ́ 35 mm, F-Stop (bí ojú lẹ́ǹsì ṣe ṣí tó) 1.8, mo sì tan Depth of Field, tó ń sọ ohun tí kò sí níbi tí kámẹ́rà fojú sí di bàìbàì. Ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ náà yí 90° láàárín fírémù 72. Mantaflow, ẹ̀yà Blender tó ń ṣe èéfín àti iná, ni mo fi ṣe ìbúgbàù, ìtànṣán pupa àti búlúù ni ìbọn wọn.

Tí èèyàn bá wo ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kò burú. Tí mo bá kó wọn pọ̀, ó ń jọ ohun ìṣeré oníke tí wọ́n gbé sórí tábìlì, èéfín ìbúgbàù náà sì ń rú sókè bí èéfín ìdáná. Ṣé kí n tún àwọn ọkọ̀ náà kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, àbí ibòmíì ni àìsàn yìí wà?

Gbẹ́nàgbẹ́nà_3D:

Ẹ má tún ọkọ̀ kankan kọ́ o. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Mítà 6 yẹn ni ìdí ọ̀rọ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ kà sílẹ̀ ló ti ibẹ̀ wá.

Blender gbà pé unit 1 jẹ́ mítà 1, ìyẹn ló sì fi ń ṣe ìṣirò kámẹ́rà, ìmọ́lẹ̀ àti èéfín. Ẹ wo Depth of Field yín. Lẹ́ǹsì 35 mm ní F-Stop 1.8, lórí sensor 36 mm, tí ẹ bá ti sọ ojú rẹ̀ sí ohun tó jìnnà tó mítà 23, gbogbo nǹkan láti bíi mítà 11 títí dé ìràwọ̀ ló máa hàn kedere. Kámẹ́rà gidi tó bá dúró ní 800 mítà sí ọkọ̀ 600 mítà kò lè rí apá kankan nínú rẹ̀ ní bàìbàì. Ọkọ̀ tiyín wá gùn ní mítà 6, kámẹ́rà á sì wà ní nǹkan bíi mítà 8 sí i. Níbẹ̀, láti mítà 6 sí 12 nìkan ló mọ́, ọkọ̀ kejì tó wà lẹ́yìn á ti di bàìbàì. Irú bàìbàì bẹ́ẹ̀, àwòrán ohun kékeré tí kámẹ́rà sún mọ́ ni ojú gbogbo wa mọ̀ ọ́n mọ́. Bó ti wù kí ẹ kun ọkọ̀ náà tó, ojú kò ní gbà pé ó tóbi.

Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di ìlọ́po 100. Ẹ má kàn yan gbogbo nǹkan kí ẹ tẹ S o, torí keyframe (ipò tí ẹ ti fi pamọ́ fún fírémù kan) tó ti wà nílẹ̀ kò ní tẹ̀ lé e. Tí ẹ bá ti sún sí fírémù tó kàn, gbogbo nǹkan á padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹ fi Empty kan (ohun òfo tí kì í hàn nínú àwòrán) sí 0, 0, 0, ẹ so àwọn ọkọ̀, ìmọ́lẹ̀ àti kámẹ́rà mọ́ ọn pẹ̀lú Ctrl+P, kí ẹ wá sọ Scale Empty náà di 100. Lẹ́yìn náà ni ẹ óò wá tọ́jú ohun tí ìyípadà yẹn bá dà rú:

Ìmọ́lẹ̀ Point, Spot àti Area á kú pátá. Tí ọ̀nà bá jìn ní ìlọ́po 100, ìmọ́lẹ̀ tó ń débẹ̀ á dín kù ní ìlọ́po 10,000, nítorí náà watt wọn ní láti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Sun kò ní yí padà ní tirẹ̀, kò ka jíjìn sí. Bevel (etí tí ẹ fá kó má baà mú) tó wà lórí ọkọ̀ náà á fẹ̀ ní ìlọ́po 100, ẹ dín Width rẹ̀ kù. Tí ọkọ̀ bá gé sí méjì tàbí tó pòórá lójú kámẹ́rà, Clip End, ìyẹn ibi tí kámẹ́rà ń rí dé, ló kéré. Ẹ gbé e lọ sí 50,000, kí Clip Start, ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í rí, sì di 1. Tí ẹ bá fi Clip Start sílẹ̀ ní ìdá mítà kékeré, àwọn pátákó irin tó sún mọ́ra á máa ta gìrìgìrì lára wọn nínú viewport, ojú ibi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́.

Ẹ pa Depth of Field. Ẹ tan Motion Blur, tó ń fa ohun tó ń sáré gùn, kí Shutter rẹ̀ jẹ́ 0.5, ìyẹn ìdajì fírémù.

Ọkọ̀ tó ń yí, òun náà ń tú àṣírí. 90° láàárín fírémù 72 jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 3. Imú ọkọ̀ 600 mítà jìnnà sí àárín rẹ̀ ní 300 mítà, nítorí náà imú yẹn ń sáré ní bíi 157 mítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, agbára tó sì ń fa ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ ju ìlọ́po 8 agbára òòfà ayé lọ. Ẹni tó ń wòran kò ní ṣe ìṣirò, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ á sọ fún un pé ohun fúyẹ́ ló ń yí. Ẹ jẹ́ kí 90° gba ìṣẹ́jú àáyá 30. Ìyẹn ni pé nínú fíìmù yín, 30° péré ni ọkọ̀ náà máa yí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ má bẹ̀rù pé á lọ́ra jù. Àwọn ọkọ̀ kéékèèké ni kí ẹ jẹ́ kó máa sáré, kí èèyàn lè rí ìyàtọ̀.

Ayé tó wà lẹ́yìn, ẹ má gbìyànjú láti gbé e síbẹ̀ bó ṣe tóbi gan-an. Ìdajì ìbú ayé jẹ́ 6,371 kìlómítà, tí nǹkan bá sì ti jìnnà tó bẹ́ẹ̀ sí àárín, nọ́ńbà tí Blender fi ń kọ ipò rẹ̀ kò lè mọ ìyàtọ̀ tó bá kéré ju ìdajì mítà lọ, gbogbo nǹkan á máa gbọ̀n. Ẹ ṣe é ní ìdá kan nínú 1,000 sínú Scene tirẹ̀, kámẹ́rà ibẹ̀ á máa yí bí ti àkọ́kọ́ ṣe ń yí, ṣùgbọ́n ìrìn rẹ̀ á jẹ́ ìdá kan nínú 1,000 pẹ̀lú. Ẹ kó méjèèjì pọ̀ nínú Compositor, ibi tí wọ́n ti ń da àwòrán pọ̀. Àwọ̀ búlúù tó yí ayé ká náà, ẹ jẹ́ kó tẹ́ẹ́rẹ́. Afẹ́fẹ́ ayé dé bíi 100 kìlómítà, ìyẹn kò tó 2% ìdajì ìbú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń kùn ún nípọn, ayé á sì di bọ́ọ̀lù.

Ìmọ́lẹ̀_Lagbára:

Gbẹ́nàgbẹ́nà ti mú ọ̀rọ̀ náà nídìí. Èmi á sọ ti ìmọ́lẹ̀.

Ẹ pa Area mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lórí ilẹ̀, òjìji kì í dúdú tán torí afẹ́fẹ́ ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ òòrùn ká, ilẹ̀ àti ògiri náà ń dá a padà. Lókè lọ́hùn-ún, òòrùn kan ló wà, ohun tó bá ń dá ìmọ́lẹ̀ padà sára ọkọ̀ yín kò ju ayé fúnra rẹ̀ àti ọkọ̀ tó wà nítòsí lọ. Ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ̀ láti ibi gbogbo ló jẹ́ kí ọkọ̀ yín jọ ike nínú yàrá ayàwòrán.

HDRI ìràwọ̀ ní Strength 1 náà ń tan ìmọ́lẹ̀ sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Ẹ lọ sínú World, ẹ fi Mix Shader da Background méjì pọ̀, kí Factor rẹ̀ wá láti Light Path, ní Is Camera Ray. Èyí tí kámẹ́rà ń rí á jẹ́ àwòrán ìràwọ̀ ní bíi 0.03, èyí tó ń tan ìmọ́lẹ̀ sí ọkọ̀ á jẹ́ dúdú pátápátá. Ká sòótọ́, tí a bá ti ṣètò kámẹ́rà fún irin tí òòrùn ń lù, kò yẹ kí ìràwọ̀ hàn rárá. Ẹ wo fọ́tò tí àwọn ará Apollo yà lórí òṣùpá: ojú sánmà dúdú, kò sí ìràwọ̀ kan. Mo fara mọ́ ọn kí ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ nítorí ẹwà, ṣùgbọ́n kó má tàn ju ara ọkọ̀ lọ.

Sun: kí Angle rẹ̀ jẹ́ 0.53°, torí bí òòrùn ṣe fẹ̀ lójú wa nìyẹn. Òjìji á mú, ṣùgbọ́n kò ní mú ní gbogbo ibi bákan náà. Ilé ìṣọ́ tí òjìji rẹ̀ bá rin 200 mítà lórí ara ọkọ̀, eteetí òjìji náà á rọ̀ ní ìwọ̀n tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 2. Ti páìpù tó sún mọ́ ara ọkọ̀ á mú kíní. Ìyàtọ̀ yìí jẹ́ ẹ̀rí pé ọkọ̀ tóbi, ẹ kò sì ní san kọ́bọ̀ fún un tí ìwọ̀n bá ti tọ́.

Fún ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ara ayé bọ̀, ẹ fi Area ńlá kan sí ìhà ibi tí ayé wà, àwọ̀ rẹ̀ á funfun pẹ̀lú búlúù díẹ̀. Ayé ń dá bíi 30% ìmọ́lẹ̀ òòrùn padà. Tí ọkọ̀ bá wà lókè ibi tí ọ̀sán ti kan, ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ yìí tó ìdá kan nínú mẹ́rin ti Sun lára irin. Tó bá sún mọ́ ibi tí ilẹ̀ ti ń ṣú, ẹ dín in títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹ fi AgX sílẹ̀ ní View Transform, tó ń pinnu bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń di àwọ̀ lójú ẹ̀rọ. Tí ẹ bá yí i sí Standard, ìbúgbàù á di àbàwọ́n ọsàn kan ṣoṣo tí kò ní ìpele kankan nínú.

Àgbàlagbà_VFX:

Ẹ̀gbọ́n Ìmọ́lẹ̀ sọ òtítọ́, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó sọ ọkọ̀ yín di òkùnkùn tí èèyàn ò lè mọ bó ṣe rí. Tí ìdajì ọkọ̀ bá ti pòórá sínú dúdú, ẹ má dá Area mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn padà o. Ẹ gbé òòrùn lọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀ lápá kan kó fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sí etí rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ìbúgbàù àti iná ẹ́ńjìnnì máa tan ìmọ́lẹ̀ sí ìyókù. Ogun ló ń ṣẹlẹ̀, ìmọ́lẹ̀ kò wọ́n.

Èéfín tó ń rú sókè: ẹ lọ sí Scene, ẹ pa Gravity. Nínú Domain (àpótí tí èéfín wà nínú rẹ̀), ẹ sọ Buoyancy Density àti Heat, tó ń gbé èéfín sókè, di 0, kí Vorticity, tó ń mú un ká, náà di 0. Afẹ́fẹ́ ló ń jẹ́ kí èéfín ká lọ́lọ́ lórí ilẹ̀, torí ó ń tì í padà. Níbi tí kò sí afẹ́fẹ́, gáàsì á kàn jáde lọ tààrà sí gbogbo ìhà, á fẹ̀, á fẹ́lẹ́, á tán. Iná gidi kò gbọ́dọ̀ pẹ́ ju fírémù 12 sí 24 lọ, ìwọ̀n atẹ́gùn inú ọkọ̀ tó rí jó náà nìyẹn. Resolution 128 tó fún ìdánwò. Tí ẹ bá gbé e lọ sí 256, iṣẹ́ àti memory á di ìlọ́po 8, nítorí náà ẹ má ṣe Bake ńlá (ìṣirò èéfín tí a fi pamọ́) títí ìṣísẹ̀ rẹ̀ yóò fi tẹ́ yín lọ́rùn. Ẹ sì tún un ṣe ní ìwọ̀n tuntun. Tí ẹ bá kàn na Domain àtijọ́ ní ìlọ́po 100, ìmọ́lẹ̀ ní láti la èéfín tó nípọn ní ìlọ́po 100 kọjá, á wá dúdú bí òkúta àyàfi tí ẹ bá dín Density kù.

Ohun tó ń jẹ́ kí ìbúgbàù wọ inú àwòrán gan-an ni ìmọ́lẹ̀ tó jù sára ọkọ̀. Ẹ fi Point kan sí àárín rẹ̀, Radius bíi mítà 10. Fírémù àkọ́kọ́ àti ìkejì ni kó tàn jù. Ní fírémù 6 kó ti bọ́ sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ní fírémù 20 kó kú. Ẹ fi Blackbody, tó ń sọ ìwọ̀n gbígbóná di àwọ̀, darí àwọ̀ rẹ̀, láti 6000 Kelvin wá sí 1500, kó bẹ̀rẹ̀ ní funfun kó parí ní pupa. Tí ìmọ́lẹ̀ yìí kò bá kan ọkọ̀ kejì, ìbúgbàù yín á dà bí ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn iṣẹ́.

Àfọ́kù ńkọ́? Rigid Body, tó ń mú ohun líle rìn, máa ń wá pẹ̀lú Damping (ìdínkù eré) Translation 0.04 àti Rotation 0.1. Ẹ sọ méjèèjì di 0, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn àfọ́kù á máa rọra dúró bí ẹni pé wọ́n wà nínú omi. Ohun tó bá ti ń lọ á máa lọ ni, ohun tó ń yí kò ní dáwọ́ dúró. Ẹ jẹ́ kí wínníwínní pọ̀ gan-an, kí alábọ́dé mọ níwọ̀n, kí ńlá má ju mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ. Àwọn kéékèèké ni kó yára jù.

Ìbọn: ìtànṣán kì í hàn láti ẹ̀gbẹ́ níbi tí kò sí eruku tàbí gáàsì tó máa gbé e hàn. Èmi á yan ọta tó ń tàn. Ọta tó ń rin 1,000 mítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan á rin bíi mítà 42 láàárín fírémù kan. Pẹ̀lú Shutter 0.5, ìlà tó máa fà á gùn ní mítà 21, àyè òfo mítà 21 á sì tẹ̀ lé e kí ìlà fírémù tó kàn tó bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ fi ìtànṣán sílẹ̀ dandan, kó má ju fírémù 2 lọ, kí Emission rẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń tàn, le tó bíi 50 kí àárín rẹ̀ di funfun, kí àwọ̀ kù sí etí nìkan. Ibi tí ó bá bà ṣe pàtàkì ju ìtànṣán náà lọ: irin tó pọ́n ní bíi 1300 Kelvin tó ń tutù díẹ̀díẹ̀, àti ẹ̀ta iná tó ń fò tààrà.

Arẹ́ńdà_Òru:

Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á túbọ̀ fún yín lóye. Mo ti gbé e lọ sí ìlọ́po 100, mo sì ti pa Area. Ìyàtọ̀ ti pọ̀. Ṣùgbọ́n ara ọkọ̀ ṣì ń dán jù, àwọn nǹkan kéékèèké tó wà lára rẹ̀ sì ń ṣẹ́jú wìrìwìrì tí kámẹ́rà bá ń rìn. 1920 ni fífẹ̀ àwòrán.

Gbẹ́nàgbẹ́nà_3D:

Ẹ ṣírò ohun tí píksẹ́lì kan bò. Ẹ fi jíjìn náà lọ́nà 36, ẹ pín in sí iye lẹ́ǹsì, ẹ tún pín in sí fífẹ̀ àwòrán. 800 mítà, lẹ́ǹsì 35, fífẹ̀ 1920: ó jẹ́ 0.43 mítà. Ohunkóhun tó bá kéré jùyẹn lọ lára ọkọ̀ kò lè kún píksẹ́lì kan, òun ló ń ṣẹ́jú. Ẹ yọ àwọn bóòtù àti páìpù sẹ̀ǹtímítà 10 kúrò nínú ọkọ̀ tó wà lọ́nà jíjìn, ẹ fi wọ́n sí èyí tí kámẹ́rà sún mọ́ nìkan. Bevel náà nìyẹn: ti sẹ̀ǹtímítà 2 kò ní hàn rárá láti ibẹ̀. Ẹ fún àwọn etí ńlá ní 0.4 sí 0.6 mítà, Segments 2, kí òòrùn lè rí nǹkan fà lé.

Àwọn fèrèsé ni kí ẹ fi sọ bí ọkọ̀ ṣe tóbi tó. Àjà kan sí èkejì jẹ́ mítà 3, fèrèsé bíi mítà 1. Tí fèrèsé bá ga tó mítà 10, ọkọ̀ 600 mítà ti di 60 lójú ẹni tó ń wò ó. Ẹ má tan gbogbo wọn, kí ìmọ́lẹ̀ wọn má sì dọ́gba.

Fún dídán: Metallic jẹ́ 0 tàbí 1, ẹ má fi 0.5 sí i. Irin tí wọ́n kùn lọ́dà jẹ́ 0, ibi tí ọ̀dà ti họ ni 1. Àwọ̀ ọ̀dà kò gbọ́dọ̀ funfun ju 0.8 lọ, dúdú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kéré ju bíi 0.03. Roughness, tó ń pa dídán kù, ni kí ẹ ṣiṣẹ́ sí jù. Ẹ fi Noise Texture méjì (àwòrán àbàwọ́n tí kò ní ètò), ọ̀kan ńlá tó bo bíi mítà 40, ọ̀kan kékeré bíi mítà 3, ẹ pò wọ́n, ẹ gbà wọ́n kọjá Color Ramp kí Roughness máa lọ láàárín 0.4 sí 0.65. Kí pátákó irin kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀ díẹ̀ sí èkejì rẹ̀, ìyàtọ̀ 3% nínú àwọ̀ ti tó.

Ihò tí ọta lù: ẹ má fi Boolean (fífi ohun kan gé òmíràn) gé e kó yípo dáadáa. Ẹ gún ohun tí ẹ fi ń gé e ní wúruwùru, kí etí irin tẹ̀ sínú níbi tí ọta wọlé, kí ó ṣí síta níbi tí ohun inú ọkọ̀ ti bú jáde. Kí àjà méjì tàbí mẹ́ta hàn nínú rẹ̀. Dúdú tó yí ihò ká á máa fà láti àárín lọ síta lọ́nà tààrà, kò sí atẹ́gùn tó máa fẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ìmọ́lẹ̀_Lagbára:

Mo fi ti render fúnra rẹ̀ kún un. Noise Threshold 0.01, Max Samples (iye ìgbà tó lè yẹ píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan wò) 1024, Light Tree ní títàn torí ìmọ́lẹ̀ yín ti pọ̀ báyìí. Tí àmì funfun wínníwínní bá ń ta síhìn-ín sọ́hùn-ún, ẹ fi Clamp Indirect, tó ń dín ìmọ́lẹ̀ tó ta padà tó le jù kù, sí 10, ẹ má fọwọ́ kan Direct. OpenImageDenoise, tó ń nu hóró kúrò nínú àwòrán (denoise), ń wo fírémù kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, nítorí náà tí sample bá kéré, ohun tó bá mọ́ nínú fọ́tò kan á máa hó nínú fíìmù. Ẹ ṣe fírémù 10 tó tẹ̀ léra wọn kí ẹ wò ó kí ẹ tó fi gbogbo 240 sílẹ̀.

Ẹ má ṣe é jáde ní fídíò tààrà. Ẹ fi pamọ́ ní OpenEXR (irú fáìlì àwòrán kan), Half Float, fírémù kan fáìlì kan. Ẹ yọ àmì kúrò ní Overwrite, kó fi jẹ́ pé tí iná bá lọ ní fírémù 137, ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà á ti tẹ̀síwájú tí iná bá dé. Ẹ má tan Placeholders tó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo lẹ ń lò: á fi fáìlì òfo sílẹ̀ fún fírémù tí iná ká mọ́ ọn lẹ́nu, nígbà tí ẹ bá sì padà dé, Blender á rò pé ó ti ṣe é, á fò ó kọjá. Bóyá ẹ ń lò ó tàbí ẹ ò lò ó, ẹ pa fáìlì tó dé kẹ́yìn kí iná tó lọ rẹ́, torí ó lè jẹ́ ìdajì ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Glare (ìmọ́lẹ̀ tó ń tàn ká láti ibi tó mọ́lẹ̀ jù), ẹ fi sí Fog Glow, kí Threshold rẹ̀ ga tó pé òòrùn, ẹ́ńjìnnì àti àárín ìbúgbàù nìkan ló kàn. Tí fèrèsé ọkọ̀ bá ń tàn bò ara wọn, ó ti pọ̀ jù. Ẹ fi Film Grain (hóró wínníwínní bíi ti fíìmù) díẹ̀ sí i kẹ́yìn, lẹ́yìn denoise.